Àwọ̀ Kọ́ Ni Iṣẹ́ Níbẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Lórí Òbí Àgbàdo Funfun

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹnu ènìyàn ni àgbàdo funfun ń lọ. Àgbàdo pupa ni àwọn olósìn adìẹ ń wá kiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa náà ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀, tí a bá ka ohun tí àwọn tó ń ta irúgbìn máa ń kọ sára àpò, iye tí hẹ́kítà kan yóò mú wá, iye ọjọ́ tí àgbàdo yóò fi gbó, àti àrùn tí kò lè rí i gbé ṣe ló máa ń kún ibẹ̀. Bóyá ògì rẹ̀ máa ń pọ̀ lẹ́yìn sísẹ́, bóyá ẹ̀gbo rẹ̀ ń tètè rọ̀, bóyá tùwó rẹ̀ máa ń dì, àpò kì í sọ. Kì í ṣe pé ẹni tó kọ àpò ló gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lára àpò nítorí pé kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ àwọn òbí tó bí àgbàdo náà, ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, nínú oko ìwádìí. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nínú gbogbo ohun tí à ń wá lára òbí àgbàdo oúnjẹ, àwọ̀ funfun ló rọrùn jù lọ. Ohun tí ọlọ àti ìkòkò yóò sọ ló le, ọ̀dọ̀ òbí ló sì yẹ kí a ti máa bi wọ́n, kí ọmọ tó délé ayé.

Kí ni a ń pè ní òbí yìí? Àgbàdo kì í sábà dá bá ara rẹ̀ bímọ. Inú ìrùkẹ̀rẹ̀ tó yọ sórí igi ni eruku akọ wà. Atẹ́gùn a gbé e káàkiri oko, a sì bà lé irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo, fọ́nrán irun kan fún hóró kan. Onímọ̀ irúgbìn tó fẹ́ ṣe ìlà òbí yóò fi àpò bébà bo ìrùkẹ̀rẹ̀ igi kan àti irun igi kan náà, yóò gba eruku rẹ̀, yóò sì dà á lé irun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún ọmọ igi náà àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ní ìran kọ̀ọ̀kan, ìdajì nínú ohun tí kò bára dọ́gba nínú àjogúnbá igi náà ń pòórá, tó fi jẹ́ pé ní ìran keje, ohun tó kù kò pé ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi á ti rán, á ti kúrú, ọmọ rẹ̀ á ti kéré, ṣùgbọ́n gbogbo irúgbìn tó bá ti ara rẹ̀ wá á jọra pátápátá. Tí a bá wá so irú ìlà méjì bẹ́ẹ̀ tí kò bára tan pọ̀, agbára tó sọnù á padà, á sì ju ti òbí méjèèjì lọ fíìfíì. Èyí ni háíbíríìdì. George Shull ló gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1908, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe ní Cold Spring Harbor, àgbàdo funfun ló sì fi ṣe é. Nígbà tí Donald Jones ní Connecticut wá ọ̀nà tí irúgbìn háíbíríìdì fi lè dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nípa síso háíbíríìdì méjì pọ̀, Burr's White wà nínú ìdílé tó lò pẹ̀lú Leaming tó jẹ́ pupa. Ẹni tó bá ń rò pé àgbàdo pupa ló ni ìmọ̀ yìí, tí funfun kàn wá yá a lò, kò mọ ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àwọ̀. Jíìnì kan ṣoṣo ló ń pinnu bóyá inú hóró àgbàdo yóò pupa tàbí yóò funfun. Y1 ni wọ́n ń pè é, kúrómósómù kẹfà ló sì wà. Òun ló ń ṣí ọ̀nà fún hóró láti pèsè àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní carotenoid. Níbi tí kò bá ti ṣiṣẹ́, hóró á funfun, ṣùgbọ́n ewé á máa tutù yọ̀yọ̀, nítorí jíìnì mìíràn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún ewé. Pupa ló ń borí, funfun ló ń fara pamọ́. Ní 1931, Paul Mangelsdorf àti G. S. Fraps ní Texas fi hàn pé bí iye Y tó wà nínú hóró bá ṣe pọ̀ tó ni agbára fítámì A rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó: òdo, ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́ta. Mẹ́ta, nítorí pé ìyá ń fún ìyẹ̀fun inú hóró ní méjì, bàbá ń fún un ní ẹyọ kan. Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tó ń tọ́ òbí ni pé ìlà tó bá ti funfun nítorí àìsí Y, tí eruku àjèjì kò sì wọ̀ ọ́, kò lè bí pupa mọ́. Díẹ̀ ni àwọn ìwà àgbàdo tí jíìnì kan ṣoṣo ń pinnu báyìí, tí ojú lásán sì lè rí kí a tó gbin hóró.

Ṣùgbọ́n fífara pamọ́ yìí náà ló ń kó bá funfun. Tí oko àgbàdo pupa bá wà nítòsí, tí atẹ́gùn sì fẹ́ wá láti ibẹ̀, hóró pupa á yọ láàárín funfun lórí ọmọ àgbàdo kan náà, ní ọdún yẹn gan-an, kò ní dúró di ìran tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe irúgbìn fi máa ń fi nǹkan bí mítà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín oko òbí àti oko mìíràn. Lọ́jà Amẹ́ríkà, òfin òṣùwọ̀n ọkà kò gbà kí àgbàdo tí a ń pè ní funfun ní ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọ̀ mìíràn lọ, nígbà tó fún pupa láyè títí dé ìdá 5. Àǹfààní kan wà nínú rẹ̀ o: ojú ni a fi ń rí àṣìṣe, ọwọ́ sì lè ṣà á kúrò kí ó tó di irúgbìn. Funfun tó léwu ni èyí tó ń tan ojú jẹ. Ìlà kan lè ní Y1 tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ Wc, lórí kúrómósómù kẹsàn-án, máa ba carotenoid rẹ̀ jẹ́, kí hóró sì máa fẹ́ funfun lójú. Irú òbí bẹ́ẹ̀, tí a bá so ó mọ́ funfun tòótọ́, pupa tó ń gbé nínú rẹ̀ á yọ jáde nínú oko àgbẹ̀ tó ti sanwó fún àgbàdo funfun. Ṣùkù náà tún wà níbẹ̀. Hóró lè funfun báláú kí ṣùkù tó gbé e dúró pọ́n, kí pàǹtí rẹ̀ wọ inú ìyẹ̀fun, kí ẹlẹ́kọ máa rí àmì pupa nínú ẹ̀kọ rẹ̀. Nítorí náà, òbí tó ní ṣùkù funfun ni a ń wá. Gbogbo èyí gba ìṣọ́ra, kò gba ọgbọ́n púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi yangàn pé òun ti ṣe òbí àgbàdo oúnjẹ nítorí pé ó funfun.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Mú hóró àgbàdo gbígbẹ kan, fi abẹ là á láti orí dé ìdí. Apá kan nínú rẹ̀ á máa dán, ìmọ́lẹ̀ á fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Apá kejì á rí bí ẹfun, èékánná á sì lè họ ọ́ kúrò. Nínú àgbàdo líle, apá dídán ló yí hóró ká, orí rẹ̀ á sì rí rubutu. Nínú àgbàdo olórí títẹ̀, apá rírọ̀ ló gùn dé orí. Bó bá ti ń gbẹ ló ń sún kì, tí orí sì ń tẹ̀ wọnú. Ìwọ̀n apá méjèèjì yìí ló ń pinnu ohun tí àgbàdo yóò ṣe nínú ilé ìdáná. Ẹni tó ń ṣe ògì yóò rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ. Ohun tó ń wá ni hóró tó máa ń tètè mu omi, tí ògì rẹ̀ pọ̀, tí èèrí rẹ̀ kéré. Ẹni tó ń se ẹ̀gbo kò fẹ́ hóró tí yóò jó igi ìdáná tán kó tó rọ̀. Ẹni tó ń gún àgbàdo gbígbẹ nínú odó tàbí tó ń lọ̀ ọ́ fún tùwó ń fẹ́ hóró tí èèpo rẹ̀ á bọ́ láìjẹ́ pé inú rẹ̀ fọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ kó o sínú àká títí di oṣù kẹrin ń wá hóró líle tí kòkòrò kò ní lè tètè gbẹ́. Ìfẹ́ àwọn mẹ́rin yìí kò papọ̀, kò sì sí jíìnì kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí pé òun ló ni líle hóró. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló pín in láàárín ara wọn.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà ronú sí. Igi háíbíríìdì nínú oko àgbẹ̀ jọra látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n hóró tí a ń kórè lórí rẹ̀ kò jọra. Hóró náà ti jẹ́ ìran kejì, níbi tí àjogúnbá ìyá àti ti bàbá ti tún ń pín ara wọn ní ọ̀nà oríṣiríṣi. Tí òbí kan bá le, tí èkejì bá rọ̀, orí ọmọ àgbàdo kan náà ni líle, rírọ̀ àti àárín yóò ti pàdé. Wọ́n á jọ wọ ìkòkò ẹ̀gbo, àwọn kan á ti di lẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń ta lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń pín ìlà òbí sí ìdílé méjì, líle níhìn-ín, olórí títẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí pé síso ìdílé méjèèjì pọ̀ ló máa ń mú èso wá jù. Èyí túmọ̀ sí pé ìgbéyàwó tó dùn mọ́ oko nínú gan-an ló lè da ìkòkò láàmú. Kì í ṣe ìdí láti kọ̀ ọ́. Ìdí ni láti wá, nínú ìdílé olórí títẹ̀, àwọn òbí tí inú hóró wọn kò jìnnà púpọ̀ sí ti líle, tàbí kí a ṣe òdì kejì rẹ̀ tó bá jẹ́ ògì la fẹ́. Ẹnu òbí nìkan la sì ti lè mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìdáná ni mo ń sọ di ńlá, kó wo orílẹ̀-èdè Màláwì. Àgbàdo funfun ni oúnjẹ ibẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, háíbíríìdì funfun olórí títẹ̀ wà lọ́jà ibẹ̀, ó sì ń so ju ti ìbílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kéékèèké kò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn kan ní àìgbọ́n ni, àwọn kan ní àṣà ni. Àwọn obìnrin tó ń gún un nínú odó mọ ohun tí wọ́n ń sọ: hóró rírọ̀ á fọ́ mọ́ èèpo, ìyẹ̀fun funfun kíkúná tí wọ́n ń wá á bá èèrí lọ, èyí tó sì kù nínú àká, kòkòrò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kí òjò tó dé. Tí a bá yọ ohun tó bá odó lọ àti ohun tó bá kòkòrò lọ, èrè tí oko fi hàn á dín kù gidigidi. Ní 1990, ibùdó ìwádìí Chitedze nítòsí Lilongwe gbé MH17 àti MH18 jáde. Wọ́n fi àwọn àgbàdo líle tó wá láti ibùdó ìwádìí àgbàdo CIMMYT ní Mẹ́síkò ṣe bàbá, wọ́n sì lo ìyá olórí títẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ ní Màláwì tẹ́lẹ̀. Hóró tó jáde sún mọ́ líle, àwọn àgbẹ̀ sì ya sí i láàárín ọdún díẹ̀. Òótọ́ ni pé owó ìyáwó àti ẹ̀dínwó ajílẹ̀ ìjọba ràn án lọ́wọ́, kò sì yẹ kí a fi gbogbo ògo fún hóró. Ṣùgbọ́n irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà fún àwọn olórí títẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gba oko àgbẹ̀ kéékèèké. Ohun tó yí padà jù lọ ni òbí. Bí wọ́n bá ti fi odó ṣe ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni Màláwì ìbá ti jèrè.

Ṣé ìkòkò nìkan wá ni? Rárá. Òbí tí oúnjẹ rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí kò lè bímọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ìtàn SR52 sì ni ẹ̀rí èyí. Ní Rhodesia Gúúsù tó ti di Sìmbábúwè, H. C. Arnold bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlà òbí ní 1932. Ní 1960 ni SR52 jáde, ọ̀kan nínú àwọn háíbíríìdì àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ìlà méjì péré bí, tí wọ́n sì tà fún àgbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà náà ń so ìlà mẹ́rin pọ̀, nítorí pé ìlà tó ti rán kì í so púpọ̀, owó irúgbìn rẹ̀ á sì ga jù. N3 àti SC, tí wọ́n bí SR52, lágbára tó láti fún ilé iṣẹ́ irúgbìn ní hóró tó tó tà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn méjèèjì fi ṣì jẹ́ orúkọ ìdílé lẹ́nu àwọn onímọ̀ irúgbìn ní gúúsù Áfíríkà títí dòní. Ẹ̀bi SR52 ni pé ó ń pẹ́, nǹkan bí oṣù márùn-ún, oko ńlá olójò púpọ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní Kenya, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. H611 tó jáde láti Kitale ní 1964 kò ní ìlà tó rán kankan nínú; Kitale Synthetic II ni wọ́n so mọ́ Ecuador 573, àgbàdo tó wá láti orí òkè Gúúsù Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kéékèèké àti àgbẹ̀ ńlá sì jọ gbà á. Ìtàn méjèèjì ń kọ́ wa pé irú òbí tó yẹ ń tẹ̀ lé ẹni tí yóò gbìn ín, kì í ṣe ohun tó wu ìwé ìmọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àrùn ló kọ́kọ́ gba gbogbo ààyè, ẹni tó bá sì rántí bó ṣe rí kò ní dá àwọn onímọ̀ lẹ́bi. Àrùn ìpẹtà ewé, polysora, dé Sierra Leone ní 1949, ó sì tètè tàn káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ń sáré wá àgbàdo tó lè dúró dè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àrùn ilà ewé, streak, tí kòkòrò kékeré Cicadulina ń gbé kiri. Ibùdó ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967 bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ó ń dà á sórí àgbàdo kéékèèké nínú oko ìwádìí kí èyí tó máa kú kú, kí èyí tó máa yè yè. IB32, ìlà tí agbára yìí ti wá, inú TZ-Y tó jẹ́ pupa ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ní láti gbé e wọ inú funfun kí TZSR-W tó lè wáyé. Ní 1979 ni iṣẹ́ háíbíríìdì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ Soon-Kwon Kim, ọmọ Korea tó wà ní Ìbàdàn títí di 1995. Wọ́n so àwọn ìlà Amẹ́ríkà tó lágbára mọ́ àwọn tiwa tó mọ àrùn ilẹ̀ olóoru, wọ́n sì yan ìlà funfun bí 1368 àti 9071, tó di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dán ìlà tuntun wò. Kó tó di òpin àwọn ọdún 1980 sí 1989, háíbíríìdì ti wà nínú oko àgbẹ̀ Nàìjíríà. Oba Super 1 funfun sì di orúkọ tí àgbẹ̀ mọ̀ bí ẹní mowó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ogun àrùn ló jẹ́ kí líle hóró àti ìyẹ̀fun rẹ̀ máa wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ìdájọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ogun náà kò tíì parí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo ọwọ́ mọ́.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a ń dá ara wa lágara? Àgbàdo pupa ló ní owó ìwádìí tó pọ̀ jù lágbàáyé. Kí a mú ìlà pupa tó dára jù, kí a sọ ọ́ di funfun, ó parí. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. A ó so ó mọ́ funfun, a ó máa dá ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìlà pupa náà ní ìran mẹ́fà, àjogúnbá pupa á sì ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí pé funfun ń fara pamọ́, a ní láti máa fi eruku ara rẹ̀ gbà á láàárín kí a tó mọ èyí tó gbé e, tàbí kí a lo àmì jíìnì. Ṣùgbọ́n kí ni a rí gbà lẹ́yìn wàhálà yìí? Ìlà tí wọ́n tọ́ fún ẹran ọ̀sìn, tí hóró rẹ̀ rọ̀, tí ṣùkù rẹ̀ sábà máa ń pọ́n, a kàn yí àwọ̀ rẹ̀ padà ni. Ohun tí ìkòkò ń béèrè kò sí lórí kúrómósómù kẹfà nìkan. Ọ̀nà yìí dára láti yá agbára kan pàtó wọ inú funfun, bí wọ́n ṣe ṣe pẹ̀lú IB32. Kò dára láti fi ṣe ìpìlẹ̀. Ọ̀nà kíkúrú tó gbòde báyìí, èyí tó ń sọ hóró di ìlà òbí láàárín ìran méjì, náà ní ìṣòro tirẹ̀ nínú tiwa: àmì elésè àlùkò tí wọ́n fi ń dá hóró tí wọ́n ń wá mọ̀ kì í yọ dáadáa nínú ọ̀pọ̀ àgbàdo líle ilẹ̀ olóoru, nítorí pé wọ́n ní jíìnì tó ń pa á mọ́lẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti fítámì A. Láti 1920 ni Harry Steenbock ní Wisconsin ti fi eku dán an wò pé pupa ní ohun tí funfun kò ní, àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà sì kúrò lórí funfun díẹ̀díẹ̀. Ní 2012, Nàìjíríà fọwọ́ sí háíbíríìdì méjì tí fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀, tí IITA àti ilé ìwádìí IAR&T ní Moor Plantation jọ ṣe. Mi ò rí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ lòdì sí wọn, ọmọ tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì nítorí àìtó fítámì A kò ní àkókò fún àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ funfun kò ní dẹ́kun nítorí pé a bá a wí, carotenoid tó ń di fítámì A sì máa ń dín kù nínú àká àti nínú sísè. Funfun náà lè gbé ohun mìíràn tó ṣaralóore. Obatanpa tí Ghana gbé jáde ní 1992 funfun, èròjà amúaradàgbà rẹ̀ sì dára ju ti àgbàdo yòókù lọ, nítorí jíìnì opaque-2 tó wà nínú rẹ̀. Ìtàn jíìnì yẹn gan-an ló gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Purdue ní 1964, inú ayé dùn, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ rọ̀, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ. Surinder Vasal àti Evangelina Villegas ní CIMMYT fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa èyí tó le nínú rẹ̀ kí ó tó di oúnjẹ, ẹ̀bùn World Food Prize ní 2000 sì tẹ̀ lé e. Oúnjẹ tó ṣaralóore jù, tí hóró rẹ̀ kò bá tẹ́ ilé ìdáná lọ́rùn, inú oko ìwádìí ló ń kú sí.

Ti pé àgbẹ̀ kò lè tọ́jú irúgbìn háíbíríìdì sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, òótọ́ ni. Ẹni tí kò lówó irúgbìn lọ́dọọdún ń ṣe dáadáa tó bá gbin irú bíi Obatanpa. Ìlà òbí tó dára wúlò fún un náà, nítorí pé a lè fi ọ̀pọ̀ irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe àgbàdo tí irúgbìn rẹ̀ ṣeé tún gbìn.

Àtakò tó kù ni ti owó àti àkókò: ìlà òbí ní ìran kẹta kò ní ju ọmọ àgbàdo díẹ̀ lọ, ta ni yóò fi se ẹ̀gbo? Kò sẹ́ni tó ní kó sè é. Vasal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé hóró sórí tábìlì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọjá, wọ́n sì tún gbin hóró náà lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán. A lè wọn 100 hóró lórí òṣùwọ̀n. A lè da ìwọ̀nba hóró sínú omi tí a fi èròjà kan mú nípọn, ká ka iye tó léfòó. Èyí tó rọ̀ ló máa ń léfòó. Kò sí èyí nínú wọn tó gba ẹ̀rọ olówó ńlá. A ti rí i pé òbí ṣeé yàn fún ìlera ẹni tó ń jẹ ẹ́: lẹ́yìn tí àgbàdo olóró aflatoxin pa ènìyàn 125 ní Kenya ní 2004, IITA àti ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń jọ ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, gbé ìlà òbí mẹ́fà jáde ní 2008, TZAR101 dé TZAR106, tí májèlé náà kì í pọ̀ lára wọn. Tí májèlé tí ojú kò rí bá ṣeé fi yan òbí, líle hóró tí ojú ń rí kò ní àwáwí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń tọ́ àgbàdo òbí kò ju pé kí wọ́n gbé tábìlì oníná àti òṣùwọ̀n hóró wá sí ìran kẹta, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí háíbíríìdì ti fẹ́ gba ìwé àṣẹ. Kí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí irúgbìn ní Nàìjíríà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé àgbàdo funfun wá gbé àbájáde ògì, ẹ̀gbo àti tùwó rẹ̀ wá pẹ̀lú ti tọ́ọ̀nù. Kí ẹni tó ń ta á sì kọ ọ́ sára àpò, ní èdè tí àgbẹ̀ lè kà: líle ni, tàbí rírọ̀, oúnjẹ báyìí ló wà fún.